Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ìwádìí Iná Oòrùn Tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Yóò Rí Lò

Ìbéèrè kan ń wá léraléra láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: "A fẹ́ ṣèwádìí lórí iná oòrùn ní ìpínlẹ̀ wa, kí ìjọba lè fi ṣètò. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Orí páńẹ́lì àti bátìrì ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò buwọ́ lùwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ka wákàtí tí iná fi ń wà ní ti gidi àti owó tó ń jáde lápò àwọn èèyàn lórí epo. Ìwádìí tí kò ní nǹkan mẹ́ta yìí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ló ń parí sí.

Ìwádìí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni a gbé ìtọ́sọ́nà yìí kà, ní ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún tó ń darí iṣẹ́.

## Kí ẹ tó jáde nílé

- Ẹnì kan tó lè ka òfin láì fò, ẹnì kan tó mọ ìṣirò owó, ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ abúlé.
- Lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ yín, tó sọ ohun tí ẹ wá ṣe àti ohun tí ẹ kò wá ṣe.
- Ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń bi léèrè, bí ẹ bá wà lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ eléyìí, torí ó máa ń pẹ́.
- Ètò bí ẹ ó ṣe pa nọ́ńbà fóònù àti orúkọ àwọn èèyàn mọ́. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, mú yín náà.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ sọ ìbéèrè yín di ohun tí ẹnì kan lè buwọ́ lù

"Báwo ni iná oòrùn ṣe lè mú ìdàgbàsókè bá ìpínlẹ̀ wa?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn èyí, kò sì sí kọmíṣánnà tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ wò ó lọ́nà mìíràn: "Ṣé kí ìpínlẹ̀ fi owó tó wà nílẹ̀ dín èlé owó yíyá kù fún àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n lè ra sólà, àbí kí ó fi owó náà ran àwọn tó ń kọ́ mini-grid (ètò iná kékeré fún ìlú tàbí abúlé kan) lọ́wọ́ ní abúlé tí wáyà NEPA kò dé?" Èyí ní ẹni tí yóò pinnu, ó ní iye owó, ó sì ní ohun méjì tí a lè fi wé ara wọn.

1. Ẹ kọ ìpinnu tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sílẹ̀ ní gbólóhùn kan.
2. Ẹ kọ ipò ẹni tí òfin fún lágbára láti ṣe é. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, nítorí èèyàn ń kúrò nípò.
3. Bí agbára náà kò bá sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ẹ yí ìbéèrè padà báyìí.

Nọ́ńbà kẹta yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Wọ́n á ní kí gómìnà yọ owó ibodè lórí bátìrì, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni owó ibodè wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn:

- Owó ibodè lórí páńẹ́lì, bátìrì àti ínfátà: ìjọba àpapọ̀.
- Ilẹ̀ tí wọ́n á gbé páńẹ́lì sí: gómìnà ló ní àṣẹ lórí ilẹ̀ lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978. Àmọ́ bí ẹ kò bá bá ẹbí tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwé gómìnà nìkan kò ní dá ìjà dúró.
- Ìwé àṣẹ mini-grid àti iye tí wọ́n ń ta iná: NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ níbi tí NERC ti gbé agbára náà fún wọn.
- Iná sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti ọjà: ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ìkìlọ̀ lórí òfin. Àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹta ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin iná, títí kan ibi tí gíríìdì orílẹ̀-èdè ti dé. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Òfin Iná Mànàmáná 2023 rọ́pò òfin 2005. Ní ọdún 2024, Èkìtì àti Ondo wà lára àwọn tí NERC kọ́kọ́ gbé ìṣàkóso lé lọ́wọ́. Torí náà, ìwé èyíkéyìí tó sọ̀rọ̀ nípa agbára ìpínlẹ̀ lórí iná, tí wọ́n sì kọ kó tó di 2023, ẹ má gbé e sínú iṣẹ́ yín láì fi wé òfin tuntun. Ẹ wá òfin iná ti ìpínlẹ̀ yín gan-an lọ kà, ẹ má gbára lé ohun tí ìwé ìròyìn sọ nípa rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá kan mini-grid, ẹ ka ìlànà NERC ti 2016, àtúnṣe rẹ̀ ti 2023, àti èyíkéyìí tó bá tẹ̀lé e. Nínú ìlànà 2016 àti ti 2023, mini-grid kò gbọdọ̀ ju 1 MW lọ (MW kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kW; kW ni a fi ń wọn agbára iná). Èyí tí kò tó 100 kW lè forúkọ sílẹ̀ lásán nígbà náà. Ìlànà ọdún 2016 fàyè gba kí iye owó iná ti inú àdéhùn wá, bí àwọn oníbàárà tó ń lo ó kéré tán 60% iná náà bá fọwọ́ sí i. Ó tún ṣètò owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ, bí wáyà NEPA bá dé bá a lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín gba àwọn ìlànà wọ̀nyí wọlé tàbí ó kọ tirẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó ohun tó ti wà nílẹ̀ jọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ẹ má jẹ́ kó jẹ oṣù méjì mọ́ yín lọ́wọ́.

- Oòrùn: Global Solar Atlas, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ gan-an lórí máàpù. Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, 1 kW páńẹ́lì ń mú bíi 3.5 kWh (kWh ni a fi ń ka iye iná) wá lójúmọ́ tí a bá pín ti ọdún kárí. Ti Kano àti Sókótó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí náà ẹ má fi ìṣirò òkè ọya kọ́ ilé sí Ìjẹ̀bú. Ẹ tún wo oṣù keje àti ìkẹjọ lọ́tọ̀, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run.
- Iná gíríìdì: ìròyìn tí NERC ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.
- Iye èèyàn: ìkànìyàn tó kẹ́yìn ni ti 2006. Fún abúlé, ẹ lo àwòrán sátẹ́láìtì àti máàpù ibùgbé ti GRID3 láti ka òrùlé, kí ẹ sì lọ fojú rí díẹ̀ nínú wọn.
- Ìnáwó ilé: ìwádìí ìdílé tí NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, ń ṣe.
- Ibi tí iná oòrùn ti wà: Rural Electrification Agency, REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko. Ẹ lọ wo ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Gbámú-Gbámú ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní mini-grid 85 kW láti ọdún 2018.

Bí ọ́fíìsì ìjọba kò bá fẹ́ fún yín ní ìwé, ẹ lo Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti 2011, tí wọ́n ń pè ní FOI. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ dárúkọ ìwé kan pàtó àti ọdún rẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje kún un bí ìdí bá wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ "gbogbo ìròyìn tí ẹ ní lórí iná." Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rọrùn fún wọn láti kọ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè, ní èdè tó yé wọn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ fún un ní ìdajì àkókò yín.

Iye ilé. Láti ní ìdánilójú 95% pẹ̀lú àṣìṣe 5%, ilé 384 ló yẹ. Ṣùgbọ́n ilé inú abúlé kan máa ń jọra, torí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, á di 576. Abúlé 29, ilé 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 580. Abúlé mẹ́ta pẹ̀lú ilé 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dára tó èyí rárá, bó tilẹ̀ rọrùn láti rìn dé ibẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe wọlé.

1. Ẹ lọ kí baálé lọ́jọ́ kan ṣáájú, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n mọ̀.
2. Ẹ lọ rí ìyálọ́jà náà. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ gàrí, ẹja yíyan àti omi tútù wà.
3. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹ kì í ṣe ará NEPA, ẹ kò sì gbé iná wá. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti òṣìṣẹ́ iná. Bí wọ́n bá rò pé iná ń bọ̀, ìdáhùn wọn yóò yí, ìlérí tí ẹ kò ṣe ni wọ́n á sì máa retí.
4. Ẹ béèrè àwọn tó ń gbé ní aba. Àwọn àgbẹ̀ Àgàtú, Ègbìrà àti àwọn Fúlàní pọ̀ nínú oko wa. Bí àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò bá gbọ́ ju Yorùbá lọ, wọ́n á fo àwọn wọ̀nyí, àwọn gan-an sì ni iná jìnnà sí jù.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wá yí padà lójijì lójú oko, ló ń ba dátà jẹ́ jù. "Iná" ni a ń pe ti ìdáná, "iná" ni ti fìtílà, "iná" náà ni ti NEPA. Ẹni tí ẹ bi pé "Ṣé ẹ ní iná?" lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni torí òpó wà lójúde, bí wáyà náà tilẹ̀ ti kú láti ọdún kan. "Sólà" sì lè jẹ́ fìtílà kékeré kan lójú ògiri. Ẹ béèrè báyìí:

- "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, wákàtí mélòó ni iná mànàmáná fi wà lójúmọ́?"
- "Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ ńkọ́?"
- "Kí ni ohun tó wúwo jù tí ẹ lè fi tàn: gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ẹ̀rọ ìlọta?"
- "Ìgbà tí ẹ ra epo sí jẹnẹ kẹ́yìn, jálá tàbí lítà mélòó ni? Èló? Ọjọ́ mélòó ló lò?"
- "Èló lẹ fi ń gba iná sí fóònù lẹ́ẹ̀kan? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?"

Ìdáhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ ó fi to ilé sí ìpele, ní ìlànà Multi-Tier Framework ti Báńkì Àgbáyé, láti 0 dé 5. Ìpele 1 jẹ́ wákàtí 4 lójúmọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ ní alẹ́. Ìpele 3 jẹ́ wákàtí 8, mẹ́ta ní alẹ́, pẹ̀lú 200 W ó kéré tán. Ìpele 5 jẹ́ wákàtí 23. "Ilé tó ní iná" àti "ilé tí kò ní" nìkan kò tó. Ilé tó ní òpó NEPA lójúde lè wà ní ìpele 0, kí aládùúgbò rẹ̀ tó ra páńẹ́lì kékeré wà ní ìpele 2.

Ìṣirò ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ kì í fi oṣù ka owó, ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń kà á. Bí ìyá kan bá ní òun ń ná ₦2,000 lórí epo ní ọjà ọrọọrún kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí pé ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ẹ̀ẹ̀meje àbọ̀ ni lóṣù, ₦15,000. Ẹni tó bá rò pé ọ̀sẹ̀ ni yóò kọ ₦8,000, nǹkan bí ìdajì owó náà á sì ti sọnù lórí ìwé.

Ẹ má béèrè pé "Èló lẹ lè san fún iná sólà?" láì kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń san lọ́wọ́lọ́wọ́. Èèyàn á dárúkọ iye tí yóò dùn mọ́ yín nínú.

Kí ẹ tó jáde lọ ní kíkún, ẹ dán ìwé ìbéèrè náà wò ní ilé 15 sí 20 ní abúlé tí kò sí lára èyí tí ẹ yàn. Ìbéèrè tí èèyàn mẹ́ta bá ní kí ẹ tún sọ, ẹ tún un kọ.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣe ìṣirò owó lójú gbangba

Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ìlú yín rọ́pò wọn. Ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ mú.

Jẹnẹ epo bẹntiróòlù

1. Lítà kan ń mú 1.2 kWh wá. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, epo nìkan jẹ́ ₦833 fún kWh kan.
2. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ní 1.2 kW jẹ́ 144 kWh lóṣù. Ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti àtúnṣe ₦6,000 lóṣù: ₦42 fún kWh.
3. Jẹnẹ ₦300,000 tí yóò lo ọdún mẹ́ta: ₦58.
4. Àpapọ̀: ₦933.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ń dúró lórí nọ́ńbà kìíní. Ẹ má fo èkejì àti ẹ̀kẹta.

Sólà 3 kW pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ₦4,500,000, ọdún mẹ́wàá

1. Iná tó ń mú wá: 3 × 3.5 × 365, ó lé díẹ̀ ní 3,830 kWh lọ́dún. Èyí tí ẹ ó lò gan-an, ká ní 75%: 2,874 kWh.
2. Àtúnṣe, 3% iye owó rẹ̀ lọ́dún: ₦135,000.
3. Bí èlé owó bá jẹ́ 25%, ẹ fi 0.28 (ìdá tí ẹ ó máa san padà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, owó àti èlé) sọ iye owó di púpọ̀: ₦1,260,000 lọ́dún. Ẹ fi àtúnṣe kún un, ẹ fi 2,874 pín in: ₦485 fún kWh.
4. Bí èlé bá jẹ́ 10%, 0.163 lẹ ó fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di ₦302.
5. Ní èlé 25%, bí ìlò bá já sí ìdajì: ₦971. Ó ti wọ́n ju jẹnẹ lọ.

Ẹ tún ìlà 4 àti 5 kà. Páńẹ́lì kan náà, oòrùn kan náà. Èlé owó àti iye iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe lọ́sàn-án ló sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú tàbí ọ̀wọ́n gógó. Ohun méjì yìí ni ìpínlẹ̀ lè fọwọ́ kàn: báńkì kékeré àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún èlé, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ omi àti fíríìjì ńlá fún ìlò ọ̀sán. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó gbé síwájú ìjọba, ibí ni ẹ̀rí yín yóò ti lágbára jù.

Àṣìṣe tó ń já ìwádìí kulẹ̀

- Pípo kW pọ̀ mọ́ kWh. kW ni agbára, kWh ni iye iná tí a lò.
- Kíka kVA bí ẹni pé kW ni. Jẹnẹ 2.5 kVA kò ju bíi 2 kW lọ.
- Lílo agbára tí wọ́n gbé kalẹ̀. Nàìjíríà ní bíi 13,000 MW lórí ìwé, ṣùgbọ́n bíi 4,000 sí 5,000 ló sábà ń dé orí gíríìdì.
- Fífi owó iná Band A ṣe ti gbogbo ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Band A fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún kWh. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣètò pé kí wọ́n máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni Band A wà fún, abúlé tí ẹ ń bi léèrè lè má sí níbẹ̀ rárá.
- Àìkọ ọjọ́ tí ẹ gba iye owó. Owó epo àti dọ́là ń yí lóṣooṣù; ẹ kọ ọjọ́, ìlú àti ilé epo tàbí ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé iṣẹ́ yín.
- Gbígbàgbé bátìrì olómi ásíìdì. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló sábà ń lò, torí náà ẹ fi owó pípààrọ̀ rẹ̀ kún ìṣirò. Ẹ sì kọ ibi tí èyí tó ti kú yóò lọ: lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, yíyọ́ ọ ní àgbàlá kì í ṣe ohun tí ìpínlẹ̀ lè fojú fò.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ohun mẹ́ta wé ara wọn

Ó kéré tán, mẹ́ta. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ "kí a má ṣe nǹkan kan," torí ó ní iye owó tirẹ̀ náà: epo tí àwọn èèyàn yóò máa rà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí yóò ná ìjọba, iye ilé tí yóò gòkè ní ìpele kan ó kéré tán, ẹni tí kò ní jàǹfààní, àti ohun tó lè bà á jẹ́. Ẹ tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú epo tó fi 30% wọ́n sí i àti tó fi 30% dín. Bí àbá yín bá ṣubú nínú ọ̀kan, ẹ sọ ọ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìwé ojú-ewé méjì

Ìwé ńlá yín wà fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìṣirò wò. Ojú-ewé méjì ni ẹni tó ń buwọ́ lùwé yóò kà.

1. Ìpinnu tí ẹ ń béèrè fún, ní ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye owó rẹ̀.
2. Nọ́ńbà mẹ́ta láti oko. Kì í ṣe mẹ́tàdínlógún.
3. Àtẹ kan tó fi àwọn ọ̀nà mẹ́ta náà wé ara wọn.
4. Òfin tó fún ọ́fíìsì náà lágbára, abala àti ọdún rẹ̀.
5. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n lè ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ ojú-ewé kan ní Yorùbá fún àwọn abúlé tó fún yín láàyè. Ẹ gbé e padà lọ fún wọn. Ìwé tí baálé àti ìyálọ́jà lè kà jáde ní ìpàdé máa ń dé etí aṣòfin wọn ju lẹ́tà yín lọ.

Ìgbà tó yẹ. January ni ọdún ìnáwó ìpínlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ètò ìnáwó sì sábà máa ń dé iwájú ilé aṣòfin láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ohun tí ẹ bá gbé lọ ní oṣù kọkànlá ti pẹ́. Oṣù keje tàbí ìkẹjọ ni kó wà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba ń to iye owó tí wọ́n fẹ́ béèrè fún.

Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá. Kì í ṣe kọmíṣánnà. Ẹ lọ bá olùdarí ẹ̀ka ètò, ìwádìí àti ìṣirò, tí wọ́n ń pè ní DPRS, ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí iná. Òun ló ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé ìnáwó, òun ló sì máa ń wà níbẹ̀ bí kọmíṣánnà bá yí padà. Ẹ fi ìwé ìṣirò yín hàn án lórí Excel, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí iye epo àti èlé owó padà. Bó bá rí àṣìṣe, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ gba ọjọ́ ìpàdé kejì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dìde.